Bí mo ṣe ṣírò owó iṣẹ́ abẹ ikùn ní Istanbul, tí mi ò sì lọ mọ́

Kílò 141 ni òṣùwọ̀n gbé jáde lọ́dọ̀ GP mi, dókítà àdúgbò tó ń wò mí, ní oṣù kìíní ọdún 2022. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo kó kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò, mo tún gùn ún. Ó dín díẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kọ́kọ́rọ́ mi mà wúwo o. Ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà yẹn, mo sì ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 11. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ṣáájú ẹ̀ dé. Mo ti ti ìjókòó awakọ̀ sẹ́yìn débi tí kò lè lọ mọ́, síbẹ̀ sítíarìn ṣì ń ha mí níkùn.

Ọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì fi fọ́tò ìyàwó ẹ̀ méjì hàn mí, èyí tó yà kó tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù ní Tọ́kì àti èyí tó yà lẹ́yìn ọdún kan. Mo rò pé àbúrò obìnrin náà ló wà nínú ìkejì. Mo délé, mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, kílẹ̀ tó mọ́, ìpolówó ilé ìwòsàn Istanbul ti gba gbogbo Facebook mi.

Mo kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn lórí WhatsApp. Agbódegbà ni wọ́n, kì í ṣe ilé ìwòsàn, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó mọ̀yàtọ̀ yẹn. Ohun mẹ́rin péré ni ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn béèrè: ọjọ́ orí mi, bí mo ṣe ga tó, bí mo ṣe wúwo tó, àti fọ́tò mi níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dúró sí bálùwẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, Ìyá Tọ́lá yà mí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èsì fi dé pé mo yẹ fún un gan-an. £2,600, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀: alẹ́ mẹ́ta ní ọsibítù, alẹ́ méjì ní òtẹ́ẹ̀lì, mọ́tò tó máa wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú, oògùn tí màá kó wálé. Tí mo bá san £200 sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, wọn ò ní fowó kún un. Mo san án lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ má bi mí léèrè.

£2,400 tó kù ò já mi láyà. Àwa méjìlá la jọ ń dá àjọ, £200 lóṣooṣù, oṣù kẹrin ló sì máa kàn mí. Àfi bíi pé Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló bá mi ṣírò ẹ̀.

Sleeve ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Wọ́n á dá ihò kéékèèké bíi márùn-ún síkùn èèyàn, wọ́n á ti kámẹ́rà àti irinṣẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ dànù. Èyí tó kù, tó máa gùn gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi píìnì kéékèèké dì í pọ̀ bí ẹni fi píìnì pa ìwé. Apá tí wọ́n gé yẹn náà ni ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani ti ń jáde jù, ìdí nìyí tí ebi fi máa ń rọlẹ̀ lára ẹni tó bá ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n gé ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Mo wá lọ sọ fún màmá mi ní Abẹ́òkúta.

"Kí wọ́n gé ikùn ẹ? Ikùn tí mo bí mọ́ ẹ? Ṣé ẹ̀bà ò ṣe é dín kù ni?"

Mo ṣàlàyé títí. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ṣé o ti gbàgbé ìyàwó Ọbásanjọ́ ni?" Ta ló máa gbàgbé ìyẹn l'Ábẹ́òkúta? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni Stella Ọbásanjọ́ kú ní Spéènì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà, ọkọ ẹ̀ ṣì wà lórí oyè ààrẹ nígbà náà, òun fúnra ẹ̀ ò sì tíì pé ọmọ 60 ọdún. Mo ní, "Màmi, tìyẹn yàtọ̀. Ẹwà ni wọ́n bá lọ, àìsàn ni tèmi." Ó ní, "Ààrẹ ló fẹ́ ẹ o, owó ò wọ́n ọn. Ìwọ ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fún un. Lọ́jọ́ kejì mo gba ìwé ìṣirò kan lọ́wọ́ Tọ́lá, mo kọ £2,600 sókè ojú ewé, mo wá ń kọ ohun tí kò sí nínú "gbogbo ẹ̀" sábẹ́ ẹ̀.

Ìyá Tọ́lá ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ́kọ lọ ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ èdè wa, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì di ti èèyàn méjì, £520. Oúnjẹ ẹ̀ àti alẹ́ tó máa fi kún ti òtẹ́ẹ̀lì, £260. Owó iṣẹ́ ló wá pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní gáréèjì, ìsinmi tí kò lówó ni màá gbà, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn ẹ̀ ò lè ti ọ̀sẹ̀ kejì bá sítíarìn bọ́ọ̀sì wọ̀jà. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, £600 lọ́sẹ̀, £3,000. Fítámì tí màá máa lò títí ayé àti páúdà púrótéènì, £35 lóṣù, £420 lọ́dún àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti onímọ̀ oúnjẹ tí màá fowó ara mi rí ní Lọ́ńdọ̀nù, £900. Inṣọ́ránsì, £180, torí inṣọ́ránsì ìrìn-àjò lásán kì í sanwó fún iṣẹ́ abẹ tí èèyàn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ ṣe.

Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ £7,880. Mo tún un ṣe, mo rò pé mo ṣì í ni.

Mo pe ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lọ́ńdọ̀nù. £10,500, ìtọ́jú ọdún méjì wà nínú ẹ̀. Ẹ fi £3,000 owó iṣẹ́ kún un, ẹ fi £420 fítámì kún un, ó di £13,920. Istanbul ṣì fi £6,040 dínwó, owó gidi sì nìyẹn lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹ má rò pé owó ló dá mi dúró.

GP mi ló kọ́kọ́ gbé e kà mí lọ́kàn, kò sì ní kí n má lọ o. Ó ní ojú ibi tí wọ́n fi píìnì dì lè jò. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ kì í sábà ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù níbi tí dókítà wà nítòsí. Ó lè di ọjọ́ karùn-ún, ó lè di ọ̀sẹ̀ kejì, téèyàn ti délé ẹ̀. Ibà á mú un, ọkàn ẹ̀ á máa sáré, ìrora á gba èjìká òsì, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á rò pé ọkọ̀ òfurufú ló rẹ òun. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì tún wà ńbẹ̀: èèyàn sanra, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó tún wá jókòó gbagidi fún wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá dé tí nǹkan le, ẹ pe 999. Ọsibítù ìjọba, NHS, máa tọ́jú yín, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Àmọ́ ẹ̀yìn ìyẹn, ta ló máa máa wò yín? Àwọn tó ń ṣe é níbí máa ń tẹ̀ lé aláìsàn wọn fún ọdún méjì kí wọ́n tó fà á lé wa lọ́wọ́. Ta ni ẹ̀yin máa pè?"

Mo fi ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin WhatsApp. Kí lorúkọ dókítà tó máa gé mi? Ṣé ọsibítù yín ní yàrá ìtọ́jú fún ẹni tí ara ẹ̀ bá dojú rú, àbí wọ́n máa gbé mi lọ ibòmíì? Ṣé ẹ lè fi ìwé àṣẹ yín hàn mí? Torí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ní Tọ́kì máa ń fún ọsibítù àti agbódegbà tó ń gba aláìsàn ilẹ̀ òkèèrè ní ìwé àṣẹ. Ó fèsì lọ́gán. Fọ́tò oúnjẹ àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló fi ránṣẹ́: ẹyin, ólíífì, wàràkàṣì, oyin nínú àwo kékeré. Mo wò ó títí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àpò oúnjẹ ẹ̀, tí omi gan-an máa ń fi ṣíbí mu, òun ni wọ́n ń fi ólíífì hàn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo parí iṣẹ́, mo jókòó sínú mọ́tò mi, aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní wọ́n máa ń gbé tọ̀sán tòru. Aago márùn-ún ti lù lọ́dọ̀ wọn. Ó dún títí, ó já. Mo tún pè. Ìkẹta ni ọkùnrin kan gbé e, oorun ṣì wà lóhùn ẹ̀. Mo purọ́ fún un, mo ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún mi, ikùn sì ń dùn mí gan-an. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní òun kì í ṣe dókítà o, awakọ̀ ni òun, òun lòun máa ń lọ gbé wa ní pápákọ̀. Kí n rọra mu omi, kí n pe padà ní aago mẹ́sàn-án. Ó tún ní kí n máa bínú. Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀ pé àánú mi ń ṣe é lóòótọ́. Awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, wọ́n gbé ẹ̀mí èèyàn lé e lọ́wọ́ lóru, wọn ò tiẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Bí £200 mi ṣe wọgbó nìyẹn.

Mi ò bú Tọ́kì o. Ìyàwó ọkùnrin gáréèjì yẹn ò gba ọwọ́ agbódegbà kankan. Ọsibítù gan-an ló kọ̀wé sí, ó rí dókítà lórí fídíò lẹ́ẹ̀mejì kó tó sanwó, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì lò níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ara ẹ̀ le koko. Owó tó ná fi púpọ̀ ju £2,600 lọ.

Ní oṣù kẹrin, GP kọ lẹ́tà mi sí NHS. BMI mi, òǹkà tí wọ́n ń fi ìwúwo àti gíga èèyàn ṣírò, jẹ́ 44, 40 ni wọ́n ń wò, tàbí 35 tí àìsàn bíi ìtọ̀ ṣúgà bá wà lára èèyàn. Fún àwa tí ìran wa ti Áfíríkà wá, ìlànà ní kí wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú òǹkà yẹn, ẹ bi dókítà yín. Ọdún méjì àti oṣù méjì ni mo fi dúró. Onímọ̀ oúnjẹ, onímọ̀ ìrònú, ìpàdé lórí Zoom tí mo fi fóònù ṣe nínú bọ́ọ̀sì tó dúró sí gáréèjì. Oògùn ṣúgà mi di oríṣi méjì nínú ìdúró yẹn, nígbà míì mo sì ń ronú pé tí mo bá ti lọ Istanbul ni, ì bá ti parí. Abẹ́rẹ́ Mounjaro tí gbogbo èèyàn ń gún báyìí kí wọ́n lè fọn ò tíì dé UK nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2024 ló dé, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú ìlà.

Ọjọ́ tí mo rí dókítà oníṣẹ́ abẹ, ìbéèrè ẹ̀ ìkejì ni pé, "Ṣé àyà máa ń ta yín?"

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń lo omeprazole, oògùn àyà títa. Mo sì rò pé ata ni. Wọ́n ti kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun mi wọlé, wọ́n rí i pé omi kíkan inú ikùn ti ń jó ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun fún ìgbà pípẹ́. Dókítà ní sleeve lè mú kó burú sí i lára irú èmi. Bypass ló bá mi mu: wọ́n á ṣe àpò kékeré lókè, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, fọ́tò mi nínú ṣòkòtò péńpé ló wá sí mi lọ́kàn. Kò síbi tí wọ́n ti lè rí àyà títa nínú fọ́tò yẹn.

Wọ́n tún so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ mi níka, kí n fi sùn nílé mọ́jú. Ìhanrun tí Ìyá Tọ́lá ń rojọ́ ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èémí mi ló ń dá dúró lóru, ohun tí ẹni tó fẹ́ fún èèyàn ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo kọ̀wé sí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, bó ti yẹ, wọ́n fi mí sídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sími nímú fi bá mi lára mu.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wàrà àti yógọ́ọ̀tì ni mo fi ń gbé ẹ̀mí, kí ẹ̀dọ̀ lè súnkì, torí orí àpò oúnjẹ gan-an ló dùbúlẹ̀ sí. Wọn ò sọ nǹkan tó jọ ọ́ fún mi ní WhatsApp. Alẹ́ méjì ni mo lò ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Ìyá Tọ́lá fi ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn lálaalẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, inú ẹ̀ sì dùn sí iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Lóṣù kẹta, níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo mu ìdajì ife mọ́ọ̀tì. Òógùn bò mí, ọkàn mi ń lù kìkì, wọ́n ní láti wá àga fún mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń rọra béèrè pé, "Bàbá Tọ́lá, ṣé kò sí nǹkan?"

Kílò 98 ni mí báyìí, lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá. Oríṣi oògùn ṣúgà kan ti lọ, wọ́n ti dín ìkejì kù. Àmàlà mi ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

Ẹ máa ní ọ̀fẹ́ ni, àbí? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà ni mo fi jókòó sílé. Owó àìsàn tí òfin là kalẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ £116.75 lọ́sẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ò sì lówó. Nínú £3,000 tí ì bá wọlé, £514 ni mo rí. Àjọ tó kàn mí lọ́dún yẹn, £2,400, ibẹ̀ ló wọlé sí. Ìyá Tọ́lá ló fi £86 kún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò yẹn, sábẹ́ £7,880, ó fi bíírò pupa fà á nídìí. Ó ní gbèsè ni.