Bí a ṣe ń yan sípíkà fún alùpùpù ìrìn-àjò, àti ibi tó yẹ kí á gbé e sí

Ẹni tó bá gun alùpùpù láti Adó-Èkìtì, tó gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá lọ sí Arámọkọ, yóò ti mọ̀ kó tó dé Ìtawurẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń bá orin jà jù lójú ọ̀nà. Sípíkà tó ń dún ketekete nígbà tí alùpùpù dúró lábẹ́ igi lè di ariwo lásán nígbà tí eré bá ti lé ní 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ìró ìlù ńlá tó ń kù rìrì ni afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ń gbé mì. Ohùn olórin àti ìró gángan ló máa ń là á já dé etí ẹni tó dé akoto. Ìdí nìyí tí mo fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó yan sípíkà tó ní twíítà gidi láàárín, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tó lọ sókè jáde, kó má sì náwó lórí èyí tí wọ́n ń yìn fún béèsì, ìyẹn ìró ìlù ńlá náà.

Bátìrì ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iná alùpùpù jẹ́ 12 fóòtì, nítorí náà bí a bá pín iye wáàtì tí ẹ̀rọ ohùn ń jẹ sí ọ̀nà 12, a ó rí iye ámpìà tó ń fà. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 60 wáàtì ń fa ámpìà 5. Bí bátìrì bá jẹ́ oní-ámpìà 5 fún wákàtí kan, bíi ti ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, tí a sì pa ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tí orin ń lọ, kò ní tó wákàtí kan kí ó tó kú. Lórí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, kí á má kọjá 20 sí 30 wáàtì, kí á sì lo ámpílífáyà (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) oníkíláàsì D, irú èyí tí kì í fi iná ṣòfò sínú ooru púpọ̀.

Nọ́ńbà wáàtì ńlá tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kì í ṣe èyí tí a ń wò. Wáàtì tí wọ́n kọ RMS sí lára ni kí á wá, nítorí òun ni agbára tí sípíkà lè gbà pẹ́ títí láìjó. Kí á tún wo désíbẹ́lì rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń dún tó ní mítà 1 nígbà tí a bá fún un ní wáàtì 1. Sípíkà tó jẹ́ désíbẹ́lì 91 tí a fún ní wáàtì 50 yóò dún bákan náà pẹ̀lú èyí tó jẹ́ 88 tí a fún ní 100, nítorí désíbẹ́lì 3 péré dọ́gba pẹ̀lú ìlọ́po méjì agbára. Fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ kéré, ibí yìí gan-an ni èrè wà.

Mo ti tú sípíkà kan rí lẹ́yìn òjò alẹ́ kan: awọ oníbébà inú rẹ̀ ti wú bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ṣí. Awọ oníke àti etí onírọ́bà ló yẹ wá. Bí wọ́n bá kọ IP67 sí i, àmì tó ń sọ bó ṣe lè dènà eruku àti omi tó, 6 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé, 7 sì túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà 1 fún 30 ìṣẹ́jú. IPX5 kò sọ ohunkóhun nípa eruku, bẹ́ẹ̀ ni eruku pupa ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ wa.

Ní ti ibi tí a ó gbé e sí, kí ẹni tó ń gun alùpùpù jókòó sórí rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó gan-an, kí ẹlòmíràn sì di sípíkà mú níwájú rẹ̀, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi kọ sí àgbọ̀n àti etí, kí wọ́n tó fi ẹfun sàmì sí ibẹ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì tó ń dènà afẹ́fẹ́ ló dára jù. Kí á wá yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bí sípíkà bá kan táńkì, tó bo míta, tàbí tí wáyà bá nà tan, ibẹ̀ kò dára. Kí á fi wáyà díẹ̀ sílẹ̀ ní ọrùn alùpùpù, kí á sì fi rọ́bà wé e níbi tó ti ń kan irin. Ẹ̀yìn sípíkà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó dé pa, nítorí ohùn tó ń ti ẹ̀yìn jáde ń pa ti iwájú.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí pósítíìfù bátìrì, kí iná sì gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá. Bí àmì pósítíìfù (+) àti nẹ́gátíìfù (-) ara sípíkà bá ti parẹ́, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fóòtì kàn án wéré: bí awọ rẹ̀ bá yọ síta, ibi tí pósítíìfù bátìrì kàn ni pósítíìfù rẹ̀. Bí a bá dà á rú lára ọ̀kan nínú sípíkà méjì, béèsì yóò sọnù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gùn ún dé Ìgèdè kí ẹ sì padà. Ìwọ̀n ohùn tí ẹ ṣì lè gbọ́ fèrè tírélà lẹ́yìn yín ni kí ẹ fi sí kí ẹ tó dojú kọ òkè Ẹ̀fọ̀n.