Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ ilé lórí Roquefort, abúlé tó ń fi afẹ́fẹ́ jẹun

Nígbà tí mo ń kọ́ Faransé ní Montpellier, tíṣà wa ní kí kálukú mú abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, kó wá dúró níwájú kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ìtàn ẹ̀, àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Àwọn yòókù ti sáré mú abúlé etí òkun. Èmi mú Roquefort-sur-Soulzon, kì í ṣe torí nǹkan gidi kan o, orúkọ ẹ̀ ni mo máa ń rí lára wàràkàṣì ní súpámákẹ́ẹ̀tì, mo rò pé iṣẹ́ ẹ̀ á yá. Mo fa ìlà sínú ìwé, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ilẹ̀, ìtàn, ọrọ̀-ajé. Pínpín yẹn ló padà dà mí láàmú.

Bọ́ọ̀sì tó lọ síbẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń gbé, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, ló fi mọ́tò ẹ̀ gbé mi lọ. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Montpellier tẹ́ ẹ kọrí sí àríwá, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn òkè, títí tẹ́ ẹ máa fi yọ sí orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní Larzac. Òkúta funfun lásán ni gbogbo ẹ̀. Òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ òkúta yẹn ń fa omi mì ni, kì í dúró lókè. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ àgùntàn nìkan là ń rí, ẹ̀gbọ́n fi ẹnu júwe ìta, ó ní, "Àbúrò, wo koríko yẹn, màlúù wo ló fẹ́ jẹ ìyẹn yó?" Mo kọ ọ́ sábẹ́ "ilẹ̀", mo tún rí i pé abẹ́ "ọrọ̀-ajé" náà ló yẹ kó wà, nítorí wàrà àgùntàn yẹn, irú àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Lacaune, lòun nìkan tí òfin gbà kí wọ́n fi ṣe Roquefort.

Abúlé náà ò tóbi rárá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó 700, ilé wọn kàn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta gìrìwò kan bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Combalou ni wọ́n ń pe òkè yẹn. Láyé àtijọ́, kí ìwé tó dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ya lulẹ̀, àwọn òkúta ńlá ńlá wá ń gbé ara wọn lórí, àyè sì wà láàárín wọn. Ibi tó ya yẹn ò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì ní gígùn àti 300 mítà ní fífẹ̀ lọ, inú ibẹ̀ náà sì ni gbogbo owó wà.

A ra tíkẹ́ẹ̀tì, a wọ inú ihò. Ìta ń jó ẹni lára, mo sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, àṣìṣe gbáà nìyẹn, ẹ mú súwẹ́tà dání o, nítorí bíi 10°C ni inú ibẹ̀, gíláàsì ojú mi sì kún fún omi kíá. Obìnrin tó ń mú wa kiri ní kí n na ọwọ́ sí ibi lílà tóóró kan lára àpáta. Ṣe ni atẹ́gùn tútù rọra ń fẹ́ bọ̀, ó lọ́rinrin, ó sì ní òórùn bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Fleurine ni wọ́n ń pe àwọn lílà yẹn. Atẹ́gùn yìí ló ń jẹ́ kí wàràkàṣì náà bu bí wọ́n ṣe fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, kó bu. Wọ́n máa ń yan búrẹ́dì ọkà rye, wọ́n á gbé e sínú ihò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí á fi bu dénú, wọ́n á wá gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun yẹn ni wọ́n ń fi sí wàrà. Lónìí ọ̀pọ̀ ti ń tọ́jú ẹ̀ ní lábù. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún wàràkàṣì náà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọjọ́ 14 ní ìhòòhò, láìfi nǹkan wé e, nínú ihò yẹn, àti ọjọ́ 90 lápapọ̀ kó tó dé ọjà. Láyé ọjọ́un, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní cabanières ló ń ṣe iṣẹ́ inú ihò, wọ́n ń fi iyọ̀ pa á, wọ́n ń ha ara ẹ̀, wọ́n ń yí i. Mo fi ìṣẹ́jú kan dúró nínú òtútù yẹn, eyín mi ń gbá ara wọn, mo wá ń rò ó pé àwọn ọkùnrin nìkan ni orúkọ wọn wà lára páálí.

Ní ti ìtàn, ọdún 1411 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará Roquefort nìkan láṣẹ pé kí wọ́n máa sọ wàràkàṣì náà di gbígbó nínú ihò wọn. Wọ́n máa ń sọ pé Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, ti yìn ín tipẹ́, àmọ́ nígbà tí mo wá ohun tó kọ, agbègbè Gévaudan ló dárúkọ, kò pe Roquefort, mo bá yọ ọ́. Ní 1666 ilé ẹjọ́ gíga Toulouse fòfin de àwọn tó ń ta ayédèrú. Ní 1925 ó di wàràkàṣì àkọ́kọ́ tí òfin ilẹ̀ Faransé dáàbò bo orúkọ ẹ̀, ìgbà tó di 1961 ilé ẹjọ́ Millau, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, là á mọ́lẹ̀ pé èyí tó bá gbó nínú ihò Combalou nìkan ló lè jẹ́ Roquefort. Ẹ wo bí ilé ẹjọ́ ṣe ń fa ìlà yí òkè ká!

Ibi tí mo ti gbádùn jù ni 1999. Yúróòpù kọ ẹran màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n fi họ́mónù tọ́, Amẹ́ríkà bínú, ó gbé owó ibodè 100% lé Roquefort. Ní August ọdún yẹn, José Bové, àgbẹ̀ tó ń sin àgùntàn ní Larzac, àti àwọn èèyàn ẹ̀ lọ tú McDonald's tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Millau, ìjọba sì ti Bové mọ́lé. Àgùntàn tó ń jẹ koríko lórí òkúta wá di ọ̀rọ̀ Washington.

Nígbà tá a ń padà bọ̀, mo ra ègé kan, ẹ̀gbọ́n ṣí gbogbo fèrèsé mọ́tò sílẹ̀ dé ilé. Ìyá mi rí i lórí fídíò, wọ́n ní, "Ṣé nǹkan tó ti bu lo wá ń jẹ níbẹ̀? Dà á nù jàre!"

Lóru yẹn mo gbìyànjú láti pín nǹkan tí mo kọ sí mẹ́ta, kò pín. Òfin 1961, ṣé ìtàn ni àbí ilẹ̀? Fleurine ńkọ́, ọrọ̀-ajé kọ́? Mo ya ìwé yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òkè ti ya, mo ń tẹ̀ lé atẹ́gùn yẹn lọ títí dé Amẹ́ríkà. Mo gbé ègé wàràkàṣì náà dání lọ sí kíláàsì pẹ̀lú búrẹ́dì. Kí n tó dé 1999 wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Tíṣà fún mi ní 15 nínú 20, ó ní òun ò rí ibi tí ilẹ̀ ti parí tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.