Bí mo ṣe fi lẹ́tà àti ìpè kó ẹbí wa jọ lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti jẹ owó mi

Owó àtẹ̀jíṣẹ́ ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. Ìjì ká páànù orí ilé bàbá wa àgbà ní Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹbí sì ní kí n ké sí gbogbo ọmọ ilé níbi tí wọ́n bá wà, kí wọ́n dá owó, kí wọ́n sì wálé fún ìpàdé. Àwọn èèyàn wa wà ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni àwọn àgbà inú wọn ń lò, WhatsApp kò kàn wọ́n. Mo bá wá ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń báni fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ Yorùbá tó gún, mo fàmì sí i dáadáa, mo sanwó. Owó tí mo rò pé yóò kárí gbogbo ẹbí kò dé ìdajì orúkọ tó fi tán.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọn kò sọ fún mi kí n tó sanwó. Bí ẹ bá fi ABD lásán kọ̀wé, ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba 160 lẹ́tà, wọ́n ń ka àlàfo mọ́ ọn. Bí ẹ kan tàbí ọ kan tó ní àmì nísàlẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀ báyìí, ojú ìwé kan ò gbà ju 70 lọ mọ́. Iye ojú ìwé ni wọ́n sì ń gbowó lé. Ohun tí wọn ì bá fi ojú ìwé méjì kọ ní Gẹ̀ẹ́sì di márùn-ún lọ́wọ́ mi. Mo pè wọ́n láti bínú, ọmọkùnrin tó gbé e ní kí n yọ àmì kúrò. Kí n yọ àmì kúrò lára orúkọ bàbá mi!

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ìṣirò wọn pé gbogbo rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ará ilé wa ló ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 nígbà tí ìpolówó sú wọn, ẹni tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kì í wọlé sí i. Ẹ̀rọ ò mọ ẹbí yàtọ̀ sí onítẹ́tẹ́.

Ni mo bá ra ìwé onílà, bírò àti àpòòwé. Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, ẹni tó bá lọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n, n kò ní í fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi, àmì orí ìwé kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa kan wà ní Jọ́ọ̀sì, mo kọ ọ́ sí i pé yàrá tí wọ́n bí i sí gan-an ni òjò ń rọ̀ sí jù, pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin tó wà níbẹ̀ ti ń dípẹtà. Lẹ́tà yẹn ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi pè mí, ó ní ta ló gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá òun sábẹ́ òjò.

Kàdúná ló wá dá mi dúró. Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n tí í ṣe Dáwódù ilé wa ń gbé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ yọ owó sílẹ̀ láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí mo bá pè: "Kí ni Ẹ̀gbọ́n wí?" Ẹni tí mo bá tún pè: "Ẹ̀gbọ́n ti dá tirẹ̀ ni?" Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹbí ni mo ń tẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń sọ pé wọ́n ti pa fóònù náà. Nígbà tó wá wọlé, obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Hausa. Èyí tí mo gbọ́ nínú Hausa kò kọjá ti ọjà, iye owó nìkan ni mo lè bèèrè. Mo dárúkọ Ẹ̀gbọ́n, ó pa fóònù. Mo tún pè é, ó ní gbájúẹ̀ ni mí. Lọ́jọ́ kejì ọkọ rẹ̀ ló gbé e, Gẹ̀ẹ́sì tó fi bú mi kò ṣeé kọ síbí. Òun náà ló là á yé mi pé àwọn ra káàdì SIM yẹn ni, tuntun ló wà nínú páálí.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n ti kú tí wọn ò sọ fún wa. Ọmọ àbúrò mi tó ń ta káàdì ló tù mí nínú. Ó ní bí láìnì bá lo oṣù mẹ́fà láìpe ẹnikẹ́ni, tí kò ra nǹkan kan, òfin NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gba àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì láàyè láti ti í. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Mo wá rántí pé ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dínà ìpè lórí láìnì tí kò bá so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, Ẹ̀gbọ́n ò sì fẹ́ràn títò sórí ìlà.

Mo kọ lẹ́tà sí i, mo fi í sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ECWA tó ń lọ. Àwa Yàgbà kì í sọ ṣọ́ọ̀ṣì nù bí a ṣe ń sọ nọ́ńbà nù; láti 1908 tí Titcombe, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ wa ni nǹkan náà ti wọ̀ wá lára. Mo gbé e fún dẹ́rẹ́bà ní gárèèjì. Dẹ́rẹ́bà ní òun ti fi í jíṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò rí nǹkan. Mo pe dẹ́rẹ́bà títí tí kò fi gbé ìpè mi mọ́, èmi náà lọ dúró dè é ní gárèèjì. Ó ṣí ibi tó ń kó ìwé mọ́tò sí, lẹ́tà mi wà níbẹ̀ lábẹ́ ìgò epo bíréèkì, igun kan ti rẹ epo, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá àgbà kan tó ń padà sí Kàdúná ni mo gbé e fún, bó ṣe wà náà pẹ̀lú epo.

Alẹ́ kan ni nọ́ńbà àjèjì pè mí. "Okun o. Ta ló da epo sí lẹ́tà mi?" Ìkíni ilé wa ni "Okun o", Ẹ̀gbọ́n ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń bèèrè ohun tí Ẹ̀gbọ́n wí ti ń bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹnì kan ládùúgbò mọ́ ti ẹni tí ẹ ń wá. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sí ẹ̀yìn àpòòwé gàdàgbà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá gba lẹ́tà ló sanwó fún dẹ́rẹ́bà. Èyí tí mo fẹ́ fi kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí ẹ tó pè. Ẹni tó bá ti ka orúkọ ara rẹ̀ kì í pa fóònù.

A ti ra páànù, káfíńtà ti gorí ilé. Àǹtí wa kan ní Ìbàdàn ṣì ń bínú o. Ó gbọ́ pé lẹ́tà àbúrò rẹ̀ ti dé, tirẹ̀ kò tíì dé, ó sì ní òun ò ní í dá kọ́bọ̀ tí òun ò bá rí i. Mo ti kọ òmíràn, mọ́tò Ìbàdàn á gbéra láàárọ̀ ọ̀la.