Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Barry Lyndon Kí Ẹwà Rẹ̀ Má Baà Bò Yín Lójú

Iṣẹ́ fótò yíyà ni mò ń ṣe. Nínú fíìmù, ìmọ́lẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ojú òṣèré. Barry Lyndon, tí Stanley Kubrick gbé jáde ní 1975, lé ní wákàtí mẹ́ta, kì í sì í kánjú. Àwọn tó ti sùn lọ nídìí rẹ̀ pọ̀. Bí mo ṣe ní kí ẹ wò ó rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé tí wọ́n gbé fíìmù náà kà. William Makepeace Thackeray ló kọ ọ́, Fraser's Magazine sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1844. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ tó yín. Ohùn Barry fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́: ó ń fọ́nnu, ó ń purọ́, gbogbo ohun tó bá sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọrùn ẹlòmíì ló ń gbé e kọ́. Kubrick gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Apìtàn kan tí a kò rí ló ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì máa ń sọ láburú kó tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ Barry ti lọ. Ojú yín ló kù tí ẹ ó fi dá a lẹ́jọ́.

Ẹ pa iná yàrá, ẹ má sì fi kún ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ibi tó ṣókùnkùn bá dé. Ètò kan wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní, motion smoothing, tó ń mú kí gbogbo fíìmù máa yọ̀ bọ̀rọ́ bí eré bọ́ọ̀lù. Ẹ pa ìyẹn náà. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fa àwòrán kó lè kún ti sọ gbogbo òṣèré di ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀.

Nígbà tí Barry àti Lady Lyndon, obìnrin ọlọ́rọ̀ tó máa fẹ́, bá ń wojú ara wọn nídìí tábìlì káàdì, ẹ jí gìrì. Àbẹ́là ló tan ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀. Lẹ́ǹsì tí Zeiss, ilé iṣẹ́ lẹ́ǹsì ti Jámánì, ṣe fún NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi yà á, f/0.7, Kubrick ra mẹ́ta. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó: bó bá ṣe kéré sí ni ihò náà ń fẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti f/1.4, tí àwa oníṣẹ́ fótò ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà: bí òṣèré bá sún síwájú díẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀ á di bàìbàì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi jókòó gbagidi. Lójú tèmi, ìjókòó yẹn ló bá àwùjọ náà mu jù, àwọn tí ìwà ọmọlúàbí ojú ayé ti dè mọ́ àga. John Alcott, tó ya fíìmù náà, gba Oscar, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí fíìmù náà gbà.

Kámẹ́rà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí nǹkan kékeré, ọwọ́ tàbí ìbọn, kó tó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà, ẹ fi èèyàn sílẹ̀, etí àwòrán ni kí ẹ máa wò. Ibẹ̀ ni ilé, ọgbà àti ọ̀run ti ń wọlé, tí Barry ń kéré sí i.

Ìsinmi wà láàárín. Ẹ lò ó. Ní apá kejì, Lady Lyndon kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà aṣọ tí Milena Canonero àti Ulla-Britt Söderlund ṣe ni kí ẹ máa kà.

Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìparí, kó dúró níbí. Ìjà ìbọn Barry àti ọmọ ìyàwó rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Kubrick ló fi sí i. Ẹ dá fíìmù dúró lórí ìwé owó tí Lady Lyndon ń fọwọ́ sí: 1789 ló wà lórí rẹ̀, ọdún tí ìdìtẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka orí ìparí ìwé, níbi tí Barry ti ń fọ́nnu láti inú ẹ̀wọ̀n Fleet.