Bí a ṣe ń ṣe IV ìgbéyàwó l'Ékòó títí yóò fi dé ọwọ́ olówó rẹ̀

Kí ẹ tó wá ẹni tí yóò tẹ IV, ìyẹn ìwé ìpè, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ ó pè sílẹ̀ ná. Ìdílé ìyàwó á kọ tiwọn, ìdílé ọkọ á kọ tiwọn, ẹ ó wá pa á pọ̀. Agboolé kan, ìwé kan ni. Kì í ṣe orí kan, ìwé kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lé díẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n kan ń bọ̀ tí yóò rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìnáwó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pín orúkọ sí mẹ́ta: àwọn tí ẹ ó fọwọ́ fún, àwọn tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí, àti àwọn tí WhatsApp ti tó fún.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ṣòro: orúkọ ìdílé méjèèjì, ti ọkọ àti ìyàwó, ọjọ́ àti aago ìdána, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nìkáà, gbọ̀ngàn tí àríyá yóò ti wáyé, àwọ̀ aṣọ, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì. Oyè ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ bi olúkúlùkù bí ó ṣe fẹ́ kí a kọ ọ́: Olóyè ni àbí Alhaji, Díákónì àbí Ẹnjiníà? Bí òbí kan bá ti di olóògbé, ẹ bi ẹbí rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọlé. Owó aṣọ ẹbí àti nọ́ńbà àkáǹtì? Ẹ fi sórí WhatsApp. Kò bójú mu lójú tèmi kí a gbé ìwé tó ń béèrè owó lé àgbà lọ́wọ́.

Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ti ń tẹ̀wé. Bí IV kò bá pọ̀, ẹ̀rọ dìgítà ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́; offset, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, nílò plate (àwo tí wọ́n ń ya iṣẹ́ sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́), iye tó bá pọ̀ ló ń jẹ́ kí owó rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ẹ ṣọ́ ẹ, ọ àti ṣ o! Ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà lè sọ Ṣọlá di Sola, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́, ni wọ́n fi ṣe é, ẹ ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà sí curves, ìyẹn kí lẹ́tà di àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ gba ẹyọ kan lórí bébà, kì í ṣe lójú fóònù, kí ẹni tí kò sí nínú ètò náà kà á. Kí ó yẹ kàlẹ́ńdà wò bóyá Sátidé ni déètì yẹn lóòótọ́.

Olórí ẹbí, àbúrò bàbá, pásítọ̀ tàbí àlùfáà: ọwọ́ ni kí ẹ fi fún wọn, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ó wá fa ọmọ yín fọ́kọ o." Ẹni tó bá gba IV rẹ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà yóò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó.

Fún àwọn tó kù, ẹ kọ oyè, nọ́ńbà ilé, àdúgbò, bọ́sítọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ọn àti fóònù sára àpò ìwé. Ẹ kó ti Erékùṣù pọ̀ lọ́tọ̀, ti Yábàá àti Sùúrùlérè lọ́tọ̀, kí dispatch, ẹni tí ẹ san owó fún láti pín ìwé náà, má baà máa gba afárá Third Mainland lọ sókè sódò lórí owó yín. Láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Erékùṣù Èkó àti Ìkẹjà wà nínú wọn, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé ọlọ́kadà àdúgbò.

Ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè bá ọkọ̀ lọ láti gáréèjì Ọ̀jọ́ta. Ẹ gba fóònù dẹ́rẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Pósítọ́fíìsì dára fún iléeṣẹ́ àti ẹni tó ní P.O. Box, èyí tó wà ní Marina lẹ lè lò. Ẹ kọ kóòdù ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò náà (postcode) sí i, kí ẹ sì tètè fi ránṣẹ́, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ nílò àwòrán IV kíákíá, torí físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ pe gbogbo wọn lórí fóònù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tíì dé, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́.