Bí A Ṣe Ń Ra Aṣọ Awọ Páwà Báìkì Àkọ́kọ́ Nígbà Tí Owó Kò Pọ̀

Ẹni tó bá ti gun páwà báìkì láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́jà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Tírélà sìmẹ́ǹtì ń wọlé, wọ́n ń jáde ní Ọbajànà, iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ewúrẹ́ sì lè já lu ọ̀nà nígbàkígbà. Síbẹ̀, jíǹsì àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ̀ gun ẹ̀rọ tó lè sáré ju mọ́tò lọ. Tí èèyàn bá ṣubú, tí ara rẹ̀ ń wọ́ lórí ọ̀dà, jíǹsì kì í pẹ́ ya rárá, ẹran ara ni títì yóò sì máa bó títí ẹni náà yóò fi dúró. Awọ màlúù tó nípọn lè jìyà yẹn dípò ara. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi alùpùpù díje fi ń wọ̀ ọ́, ìdí kan náà ló sì fi yẹ kí ẹni tó ń gun páwà báìkì nílẹ̀ Okun ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ kí a tó lọ jìnnà. Aṣọ àlòkù tó bá yín lára gẹ́lẹ́ sàn ju tuntun olórúkọ ńlá tó fẹ̀ lára yín lọ. Pádì tó wà ní èjìká, ìgúnpá àti orúnkún kò lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá wà lórí egungun gan-an lásìkò tí ẹ bá balẹ̀. Tí aṣọ bá fẹ̀, pádì á yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, egungun á sì fi ara rẹ̀ gba ọ̀dà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pín owó náà kí ẹ tó wọ ọjà

Ẹ má fọwọ́ kan owó aṣọ tí ẹ kò bá tíì ní àṣíborí gidi. Ẹ wo okùn àgbọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn, tí lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan wà nínú òbìrìkìtì lára rẹ̀. Àmì ìdánwò ECE nìyẹn, ìyẹn ìlànà àjọ UN fún àṣíborí, 22.05 tàbí 22.06, èyí tó jẹ́ tuntun jù. Lẹ́yìn náà ni ìbọ̀wọ́, nítorí ọwọ́ lèèyàn kọ́kọ́ ń nà sílẹ̀ tó bá ń ṣubú, lẹ́yìn rẹ̀ ni búútù tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti aṣọ awọ.

Ẹ má sì ná gbogbo ìyẹn tán sórí aṣọ nìkan. Ẹ ya bí ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún pádì tí ẹ lè ní láti pààrọ̀, síìpù tó lè nílò àtúnṣe, àti owó wébíìlì láti Èkó tàbí Abuja wá sí gáréèjì ọ̀dọ̀ yín. Owó yìí ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá máa wọ aṣọ tí pádì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọlọ́kan ni àbí oníméjì?

Irú méjì ló wà. Ọlọ́kan ni èyí tí jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Oníméjì ni èyí tó ní jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí síìpù so wọ́n pọ̀ ní ìbàdí. Ọlọ́kan ni àwọn tó ń díje gan-an ń wọ̀. Geoff Duke, ará England, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wọ pápá eré ní 1950, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Frank Barker ló sì rán an fún un. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ló ń fa ọwọ́ eré sẹ́yìn, òun ni wọ́n fi wá èyí tó lẹ̀ mọ́ ara.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níbí, oníméjì ni mo fara mọ́. Oòrùn wa kì í ṣeré. Tí ẹ bá dúró mu omi ní Ìyàrá tàbí ní Ìsánlú, ẹ lè tú jákẹ́ẹ̀tì kọ́ apá kí ara fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni àyà wọn tóbi ju ìdí lọ, tàbí tí ìdí ju àyà lọ, oníméjì á sì jẹ́ kí ẹ ra ìwọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ṣe é tí síìpù wọn sì bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé síìpù náà yí ìbàdí ká tán. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló wà, tí kò gùn ju ìbú ọwọ́ kan lọ, kò tó. Tí ara bá ń wọ́ nílẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì á ká sókè, ìbàdí á sì wà ní gbangba.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ara yín

Ẹ fi téèpù télọ̀ ṣe é, kí ẹlòmíràn bá yín mú un. Àyà níbi tó ti fẹ̀ jù, ìbàdí, ìdí, itan, láti abẹ́ itan dé ọrùn ẹsẹ̀, àti láti egungun ẹ̀yìn ọrùn gba orí èjìká títí dé ọrùn ọwọ́. Ẹ kọ gíga àti ìwúwo yín mọ́ ọn. Nọ́ńbà Yúróòpù ló sábà máa ń wà lára aṣọ wọ̀nyí, ó sì máa ń fi 10 ju ti Amẹ́ríkà lọ: 50 wọn ni 40, 52 ni 42. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40 íńṣì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 50. Àwọn ilé iṣẹ́ Ítálì bíi Dainese àti Alpinestars sábà máa ń gé aṣọ wọn kó há, nítorí náà téèpù ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ju nọ́ńbà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ẹ ó ti rà á

Bí ẹ kò bá rí i nítòsí, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀. Èkíní ni ọ̀rẹ́ tó ń gun báìkì, tó ti sanra ju aṣọ tirẹ̀ lọ tàbí tó ti ra òmíràn. Ní tèmi, òun ló dára jù, nítorí ẹ lè béèrè bóyá ó ti fi aṣọ náà ṣubú rí. Èkejì ni òkìríkà, ní Katangua l'Ékòó àti lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n rán tuntun fún yín ní Sialkot ní Pakistan, ìlú tí iṣẹ́ awọ ti gbilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rán an fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àgbáyé. Ẹ ó fi ìwọ̀n yín ránṣẹ́, wọ́n á sì rán an bí ara yín ṣe rí. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò owó ẹrù àti kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ iye tí wọ́n bá pè.

Ní ti òkìríkà, ewu ńlá kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ gbọ́. Jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú tó kún inú báèlì, ti oge ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, okùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sí pádì kankan níbẹ̀. Awọ aṣọ eré máa ń nípọn tó 1.2 sí 1.4 mílímítà. Ẹ fi ìka méjì fún un, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Rẹ́síìnì náà wà tó ń ṣe bí awọ: ẹ wá etí tí wọ́n gé nínú kọ́là tàbí lẹ́yìn síìpù, tó bá jẹ́ awọ ẹ ó rí irun wẹ́wẹ́ rẹ̀, tó bá jẹ́ rẹ́síìnì aṣọ funfun ni ẹ ó rí lábẹ́ ike.

Tí ó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀, ẹ má tijú. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ẹ fi téèpù wọn ọ́n láti abíyá kan dé èkejì, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí n lè rí nọ́ńbà. Ẹ tún ya inú rẹ̀ fún mi." Ẹni tó bá dáhùn pé, "Àbúrò, á bá ẹ mu, ṣáà sanwó," ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíyẹ àlòkù wò

Níbí ni kí ẹ ti lo àkókò yín. Ẹ gbé aṣọ náà lọ sínú oòrùn, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ àtùpà ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú rírán. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀, kí ẹ fà á. Tí òwú bá yọ eyín, tí ẹ sì ń rí àlàfo láàárín rẹ̀, òwú yẹn ti kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní abíyá, ní àárín itan, ní èjìká. Aṣọ tó dára ní ìlà òwú méjì tàbí mẹ́ta níbi tó máa ń kan ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń fara pamọ́ sínú kí ọ̀dà má baà lè jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ká awọ ẹ̀yìn orúnkún. Tó bá ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti gbẹ kọjá àtúnṣe. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ náà: awọ tó ti bu máa ń rùn, àmì funfun á sì wà nínú láínì.

Ibi tó ti ha ní èjìká tàbí orúnkún kì í ṣe ẹ̀bi dandan, bí kò bá ti wọlé jinlẹ̀. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ìlà tó gùn tààrà láti ọwọ́ dé ọrùn, tí wọ́n tún rán padà. Àwọn dókítà máa ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ lára ẹni tó bá ṣubú. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò lágbára mọ́.

Ẹ wá yọ àwọn pádì jáde nínú àpò wọn. Ẹ ó rí àwòrán ọkùnrin kan lórí alùpùpù lára wọn, àti EN 1621-1 (EN ni àmì ìlànà Yúróòpù), pẹ̀lú lẹ́tà: S fún èjìká, E fún ìgúnpá, K fún orúnkún, H fún egungun ìbàdí. Nọ́ńbà 1 tàbí 2 ni ipele rẹ̀, 2 sì ni ó ń gbà yín jù. Ti ẹ̀yìn ni EN 1621-2. Ipele 1 lè jẹ́ kí agbára tó 18 kilonewton wọlé sí ara ní ìpíndọ́gba, ipele 2 kò gbọ́dọ̀ ju 9 lọ, ìyẹn ìdajì. Fóòmù pẹlẹbẹ tí kò ní àmì kankan ló sábà máa ń wà lẹ́yìn aṣọ olówó pọ́ọ́kú, nítorí náà ti ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ rà. Tí pádì bá ń fọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú nù.

Tí lébẹ́ẹ̀lì inú aṣọ bá ní EN 17092, ẹ wo lẹ́tà rẹ̀: AAA ló lágbára jù, AA ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni A. Àwọn tó ti pẹ́ kò ní in, nítorí 2020 ni ìlànà náà jáde. Aṣọ tó ní àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò (airbag) nínú, ẹ má ra àlòkù rẹ̀, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ju agbára wa níbí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹni tó wà lórí báìkì

Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara sínú, ẹ fi pádì ẹ̀yìn sí i. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé, ẹ fà á dé ìbàdí, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá dìde dúró, yóò fà yín ní èjìká àti ní abẹ́ itan, yóò fẹ́ kí ẹ tẹ̀ síwájú. Kí ẹ̀rù má bà yín. Bí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe gé e. Nítorí náà ẹ gun báìkì ní tòótọ́, kó dúró lórí sítáńdì, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìtẹ̀sẹ̀, ẹ tẹ orí wá sísàlẹ̀.

Ní báyìí kó tù yín lára. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí pádì rẹ̀. Tó bá yí, aṣọ náà tóbi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún orúnkún. Ẹ fa awọ itan: tí ẹ bá rí ẹ̀kúnwọ́ mú, ó tóbi. Apá kò gbọ́dọ̀ kúrú tí ọrùn ọwọ́ fi máa yọ kúrò lábẹ́ ìbọ̀wọ́. Tí ọwọ́ bá ń ta yín jìnnìjìnnì, tàbí tí ẹ kò lè mí kanlẹ̀, ó há jù. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kódà tí òógùn bá ń dà. Awọ máa ń rọ̀, ó sì máa ń fẹ̀ díẹ̀ tó bá ti ń bá ara mu, ṣùgbọ́n kì í gùn sí i tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kúrú lónìí yóò kúrú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣé èèyàn lè ní kí wọ́n dín aṣọ tó fẹ̀ kù? Díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ní apá inú ọwọ́ tàbí inú ojúgun, níbi tí kì í sábà kan ilẹ̀. Ẹ má gbé e fún télọ̀ tó ń rán bùbá. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe bàtà àti báàgì awọ, tó ní abẹ́rẹ́ awọ àti òwú náílọ́ọ̀nù tó nípọn, nítorí ihò tí abẹ́rẹ́ bá dá sára awọ kì í dí mọ́. Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kan ojú rírán èjìká, ẹ̀yìn àti ìdí.

Ìtọ́jú

Tí ẹ bá ti ìrìnàjò dé, ẹ fi aṣọ tútù nu kòkòrò àti eruku kúrò, kí ẹ fi kọ́ hángà tó fẹ̀, ní ibòji. Oòrùn á gbẹ ẹ́ sán. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ máa fi ìpara awọ pa á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Eruku pupa ìgbà ọyẹ́ máa ń dí eyín síìpù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ gbá a, kí ẹ fi àbẹ́là nù ún. Nígbà òjò ẹ gbé e jáde fún afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà bu. Kí ẹ sì so hángà náà jìnnà sí ògiri, nítorí iyọ̀ òógùn inú rẹ̀ lè fa èkúté, èkúté tó bá sì ti jẹ ojú rírán abíyá, òwú tuntun ni ẹ ó fi rán an kí ẹ tó tún gun báìkì.