Bí Mo Ṣe Yàn Láàárín Windows àti Linux fún Géèmù Ilé Wa

Laptop kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. HP EliteBook 840 G3 ni, tòkunbọ̀, Core i5 ìran kẹfà, RAM 8GB, SSD 256GB. Kò ní káàdì géèmù kankan yàtọ̀ sí Intel HD 520 tó bá a wá. Èmi a máa ṣe kóòṣì nínú Football Manager 2024, ọmọ mi a máa dáko nínú Stardew Valley, àbúrò mi tó ń kàwé ní Ìjagun kì í sì í wọlé kó má béèrè Valorant.

Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá, 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró lórí Windows 10, ìyẹn ni pé kò ní máa rí update ààbò gbà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Windows 11 ní tirẹ̀ ń fẹ́ Intel ìran kẹjọ sókè, tiwa ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí orí laptop kan náà ni mo ti ń wọ àkáǹtì báńkì mi.

Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi Windows 11 sí i tipátipá, ó máa gbà." Òótọ́ ni, ó máa gbà. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé ẹ̀rọ tí a fi ipá fi í sí yóò máa rí update gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí Valorant bá ti bá ara rẹ̀ lórí Windows 11, yóò béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ, àti Secure Boot, tó ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ fi ń tan wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé laptop mi padà sílé.

Mo mú ìwé, mo kọ orúkọ àwọn géèmù wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì tó wà ni Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Géèmù ni mo fẹ́ kó bá mi yan Windows tàbí Linux, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ yan Linux kó tó wo géèmù rẹ̀ lè dé ibẹ̀ kó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Stardew Valley kò fún mi ní wàhálà: ó ní èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún Linux. Football Manager 2024 kò ní, ṣùgbọ́n Proton wà. Valve ló gbé Proton jáde ní ọdún 2018, orí Wine, ètò mìíràn tó ń mú ohun tí wọ́n ṣe fún Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni wọ́n kọ́ ọ lé, inú Steam, ibi tí a ti ń ra géèmù tí a sì ti ń ṣí i, ló sì ń gbé. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe. Géèmù yóò máa sọ èdè Windows, Proton yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún Linux. Ọ̀rọ̀ DirectX tó jẹ mọ́ àwòrán, DXVK inú rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di Vulkan, èdè àwòrán tí Linux gbọ́. Mo wo ProtonDB, níbi tí àwọn tó ti dán géèmù wò ti ń jábọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí Football Manager.

Valorant ló kù. Vanguard, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé àwọn tó ń ṣe màgòmágó, inú kernel Windows gan-an, ìyẹn ọkàn rẹ̀, ló ń jókòó sí. Kò sí irú rẹ̀ fún Linux, kò sì sí ohun tí ògbufọ̀ lè ṣe sí i. Fortnite náà kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Mo rọ àbúrò mi pé kó gbìyànjú Counter-Strike 2 tó ní ti Linux. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ò sí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìdí tí èèyàn fi ń gbá géèmù nìyẹn, n kò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pinnu pé méjèèjì ni yóò wà lórí laptop. Windows 10 yóò dúró fún Valorant nìkan. Mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ESU, ètò Microsoft tó ń fún un ní update ààbò títí di 13 Oṣù Kẹwàá, 2026. Linux Mint 22.2 Xfce, ọ̀kan lára oríṣi Linux tó wà, ni yóò gba ìyókù, báńkì mi pẹ̀lú. Títí di ọdún 2029 ni wọn yóò máa ṣe àtìlẹ́yìn fún un.

Fáìlì rẹ̀ tó bíi 3GB. Òru ni mo fi fà á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó parí, mo fi certutil inú Windows ṣírò SHA256 rẹ̀, àmì tó ń fi hàn bóyá fáìlì dé pérépéré: kò bá èyí tí wọ́n kọ sórí ojú ewé Mint mu. Ó dùn mí nítorí dátà tó lọ, síbẹ̀ mo pa á rẹ́, mo tún un fà lóru ọjọ́ kejì. Ìyẹn pé. Mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí flash kí laptop lè fi tan.

Mo kó àwọn fọ́tò wa sórí hard disk mìíràn, mo pa Fast Startup, tí kì í jẹ́ kí Windows kú tán bí a bá pa á, mo wá lọ sí Disk Management láti gé 100GB fún Linux. MB ni ó ń kà níbẹ̀, nítorí náà 102400 ni mo tẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án títí bátìrì fi kún, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí NEPA máa mú iná lọ. Lẹ́yìn náà, mo tan laptop, mo tẹ F9, mo yan flash, mo sì sọ fún Mint pé kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Àṣìṣe kan tí mo ṣe ni pé mo ní kí Steam lo Football Manager tó ti wà ní apá Windows, kí n lè tọ́jú dátà. Ó ń ṣí, ó ń pa dé. NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí disk, kì í bá Proton rẹ́ dáadáa. Mo tún géèmù náà fà sí apá Linux, láti ọjọ́ náà kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Kódà, fáànù laptop kì í pariwo tó ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi wọ Windows, ó ní aago fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn, bóyá bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Kò kú. UTC, aago àgbáyé, ni Linux ń kọ sínú aago ẹ̀rọ, Windows sì ń kà á bíi aago ìlú wa, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Mo tẹ timedatectl set-local-rtc 1 nínú terminal Mint, aago méjèèjì bára mu.

Ó ti ń tọ́jú owó báyìí fún laptop tirẹ̀ kí Oṣù Kẹwàá 2026 tó dé. Mo ti sọ fún un pé kó ní kí ẹni tó fẹ́ tà á tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀, kó tẹ tpm.msc, kó rí 2.0 níbẹ̀, kó tó ka owó sí i lọ́wọ́.